Ọjọ́ Tí Gúnrégé Jó Aṣọ

Gúnrégé ni gbogbo àdúgbò ń pe obìnrin alágbàfọ̀ náà, orúkọ ọ̀hún sì yẹ ẹ́. Bó bá lọ ṣẹ́ẹ̀tì, kọ́là rẹ̀ á dúró bí ẹni pé pákó ni wọ́n fi ṣe é. Bó bá ká aṣọ tábìlì, igun á bá igun mu ni, ẹ ò ní rí èyí tó yọ ju èkejì lọ. Àní bó bá fẹ́ jẹun, á kọ́kọ́ tẹ́ aṣọ ìnuwọ́ sórí itan, á fi ọwọ́ nà án gbọọrọ, kó tó fọwọ́ kan ṣíbí. Lókè ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó kọ ọ́ gàdàgbà pé: AṢỌ WỌLÉ, AṢỌ JÁDE, KÒ SÍ ÈYÍ TÓ JÓ. Kì í sì í ṣe ẹnu lásán. Láti ọjọ́ tó ti ń gbé áyọ́ọ̀nù, kò jó aṣọ rí, ì báà jẹ́ ti oníbàárà, ì báà jẹ́ tara rẹ̀. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì máa ń sọ ọ́, nígbà mìíràn fún ẹni tí kò bi í.

Ó kàn ní àìsàn kan ni. Ẹ má fòyà, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń gba abẹ́rẹ́ sí. Fíìmù ni. Kì í tún ṣe fíìmù olówó ńlá tí gbogbo ayé ń rọ́ lọ wò. Àwọn fíìmù àtijọ́ tí wọ́n fi owó táṣẹ́rẹ́ ṣe ló fẹ́ràn: èyí tí òkú wà nílẹ̀ tí àyà rẹ̀ ṣì ń lọ sókè sódò, èyí tí ọkọ̀ òfuurufú ń fò tí ẹ sì ń rí okùn tí wọ́n fi so ó, èyí tí ẹranko abàmì jáde láti inú omi tí sípù ẹ̀yìn rẹ̀ hàn kedere. Obìnrin tí kì í gbà kí igun aṣọ yọ, fíìmù tí gbogbo igun rẹ̀ yọ síta ló ń dùn mọ́ ọn nínú. Ẹ bá mi bi í kí ló fà á. Èmi ti bi í, ó ní kí n jókòó kí n wò ó.

Kì í ṣe òun nìkan ṣá. Ní ìrọ̀lẹ́ gbogbo Ọjọ́bọ̀, bó bá ti ti ilẹ̀kùn iwájú, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ á gba ẹ̀yìnkùlé wọ yàrá tí wọ́n ti ń lọ aṣọ. Wọ́n á ti tábìlì ìlọṣọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, wọ́n á to àga. Gúnrégé á wá mú aṣọ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ tó fẹ̀ jù jáde, funfun báláú, tí kò ní ìlà kan lára, wọ́n á sì fi pẹ́ẹ̀gì so ó mọ́ okùn tí wọ́n ń sá aṣọ sí nígbà òjò. Yàrá náà á ṣì móoru látàrí iṣẹ́ ọ̀sán, òórùn ọṣẹ àti sítáàṣì á gbà á kan. Tíì á wà nínú fúláàsì, ẹ̀pà á wà nínú abọ́. Sinimá wọn nìyẹn, kò sì sí tíkẹ́ẹ̀tì.

Wáyà ló ń mú fíìmù wá. Oníṣẹ́ iná ni Wáyà, ọkùnrin gíga kan tí kì í lè jókòó jẹ́ẹ́. Òun ló ni ẹ̀rọ tó ń tan àwòrán sára aṣọ, òun nìkan ló mọ ibi tó ti ń rí àwọn fíìmù burúkú wọ̀nyẹn, òun náà ló sì ń so aṣọ kọ́ nítorí gíga rẹ̀, lẹ́yìn tí Gúnrégé bá ti mú kó fi ọṣẹ fọwọ́. Nọ́ọ̀sì tún wà. Tààrà láti ọsibítù ló máa ń bọ̀, tòun ti bàtà iṣẹ́ rẹ̀. Fíìmù tí ẹ̀jẹ̀ bá ti pọ̀ ló fẹ́, kó lè ráyè sọ fún gbogbo ilé pé ẹ̀jẹ̀ kì í tú báyẹn. Ẹni tó dàgbà jù nínú wọn ni Tíṣà, tó kọ́ ọmọ ní jọ́gíráfì títí wọ́n fi ní kó lọ sinmi. Òun àti Gúnrégé gan-an ló dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, lọ́jọ́ tó wá gba kóòtù rẹ̀ tó bá a níbi tó ti ń wo òkú tó ń rìn, lórí tẹlifíṣọ̀n kékeré kan lẹ́yìn kàǹtà. Tíṣà dúró wò ó títí ó fi parí, ó sì gbàgbé kóòtù síbẹ̀.

Òfin kan ṣoṣo ni ẹgbẹ́ náà ní, Tíṣà ló sì ṣe é. Kí ẹnikẹ́ni tó bú fíìmù, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ ohun rere kan nípa rẹ̀, kó sì gbèjà ohun rere náà. Tíṣà ní ẹni tó fi àsìkò ayé rẹ̀ ṣe nǹkan, ó yẹ kí èèyàn rí ibì kan kí i kú iṣẹ́. Ẹ má rò pé òfin yìí rọrùn. Ọjọ́ kan wà tí wọ́n wo fíìmù aláǹtakùn ńlá kan tó burú débi pé nígbà tó kan Wáyà, ó ronú títí, ó ní òun fẹ́ràn àga tó wà nínú àgọ́ ọlọ́pàá. Wọ́n ní kí ló dára lára àga. Ọ̀rọ̀ àga yẹn, wọ́n jà á títí tíì fi tutù.

Ìyàwó Tíṣà náà máa ń wá. Màmá yìí kò fẹ́ràn fíìmù wọn rárá, kò sì fi bò. Á mú òwú ìhunṣọ rẹ̀ dání, á jókòó ti ọkọ rẹ̀ lórí àga onítìmùtìmù, wọn ò sì ní tíì pa iná tán tí oorun á fi gbé e lọ. Bí fíìmù bá parí tí wọ́n tan iná, á la ojú, á ní, “Ta ló kú?” Gbogbo wọn á bú sẹ́rìn-ín. Ọkọ rẹ̀ á wá máa ka àwọn tó kú fún un lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń pe orúkọ ní kíláàsì, òun á sì máa ní, “Ẹ̀ẹ́yà, ẹ̀ẹ́yà,” fún àwọn èèyàn tí kò rí rí.

Màmá náà ṣàìsàn, ó sì kú. Mi ò ní fa ọ̀rọ̀ yẹn gùn. Tíṣà ò yé wá ní Ọjọ́bọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ń wá kì í ṣe Tíṣà mọ́. Á jókòó, àga onítìmùtìmù á ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tó láyà àtijókòó síbẹ̀. Bó bá kàn án láti sọ ohun rere kan, á ní, “Ẹ fò mí.” Ọkùnrin tó jẹ́ pé tẹ́lẹ̀, bó bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ̀bẹ̀ lẹ máa bẹ̀ ẹ́ kó tó jẹ́ kí ẹ relé. Ẹ̀wù rẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í rún. Gúnrégé rí i, ó dùn ún dé ọkàn. Ó ní kó kó aṣọ rẹ̀ wá kóun bá a lọ̀ ọ́. Tíṣà ní òun á kó o wá, kò sì kó o wá.

Ọmọbìnrin rẹ̀ kan wà tó ń gbé nílùú mìíràn pẹ̀lú ọkọ àti àwọn ọmọ. Ojoojúmọ́ ló ń pè é lórí fóònù, pé kó kó wá sọ́dọ̀ òun. Yàrá wà, ọmọọmọ wà, kí ló tún kù. Tíṣà ò ní bẹ́ẹ̀ ni, kò sì ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan, níwájú kàǹtà, ó sọ fún Gúnrégé pé bóyá kóun máa lọ. Ó ní ẹni tí kò lọ́rọ̀ lẹ́nu mọ́, ibi yòówù kó jókòó sí, ọ̀kan náà ni. Gúnrégé kàn ń na ẹ̀wù tó wà níwájú rẹ̀, ẹ̀wù tó ti nà tẹ́lẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan ni Wáyà gbé fíìmù kan dé tí kò lórúkọ. Ibi tí orúkọ rẹ̀ wà ti bàjẹ́. Dúdú àti funfun ni, kò ní àwọ̀ mìíràn. Ìtàn abúlé kan ni, tí àwọn ará ibẹ̀ ń pòórá lọ́kọ̀ọ̀kan, tí àwọn tó kù sì ń bá iṣẹ́ wọn lọ bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣe. Kò sí ẹranko abàmì, kò sí ọ̀bẹ, kò sí ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan ṣoṣo tí Nọ́ọ̀sì lè bá jà. Àwọn èèyàn kàn ń ṣílẹ̀kùn, wọ́n ń tì í, wọ́n ń wojú ọ̀run. Fíìmù náà ń wọ́ bí ìgbín. Wáyà tó gbé e wá sùn, ó jí, ó tún sùn.

Nígbà tó parí, wọ́n tan iná kékeré tó wà lórí tábìlì ìlọṣọ, wọ́n bu tíì. Òfin sì ni òfin: ohun rere kan. Nọ́ọ̀sì ló kọ́kọ́ rọ́nà yọ.

Ó ní, “Àmì yẹn ńkọ́?”

Wáyà ní, “Àmì wo?”

“Èyí tó wà lókè lápá ọ̀tún, bí òjìji. Bí wọ́n bá wà níta, ó wà lójú ọ̀run. Bí wọ́n bá wọlé, ó wà lára ògiri. Kò kúrò níbẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dópin.”

Wáyà ní áà, òun náà rí i kóun tó sùn, òun rò pé òṣùpá ni. Nọ́ọ̀sì ní òṣùpá wo ló ń wọ yàrá ìdáná. Ni ọ̀rọ̀ bá gbóná. Gúnrégé náà kì í kẹ̀yìn, ó dá sí i. Ó ní òun ti ń wo àmì ọ̀hún tipẹ́, pé etí rẹ̀ mú ṣáṣá lápá kan, ó rọ̀ lápá kejì, pé ẹni tó fi síbẹ̀ mọ iṣẹ́ rẹ̀, kì í ṣe ọwọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rántí pé ó sọ bẹ́ẹ̀. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù, jókòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó fi ife tíì bojú.

Ó wá kan Tíṣà. Wọ́n ti fẹ́ fò ó bí ìṣe wọn, nígbà tó ní, “Ẹ dúró.”

Ó gbé ife rẹ̀ sílẹ̀. “Kì í ṣe òṣùpá,” ló wí. “Ẹni tó lọ ni. Bí èèyàn bá kúrò nínú ilé, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé àyè rẹ̀ ṣófo lásán. Ibì kan á wà tí ojú yín á máa lọ. Ẹ wọ yàrá ìdáná, ó wà níbẹ̀. Ẹ jáde síta, ó bá yín jáde. Àwọn ará abúlé yẹn ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, wọn ò dárúkọ rẹ̀. Kì í ṣe pé wọn ò rí i o. Wọ́n rí i. Ẹni tó ṣe fíìmù yìí mọ ohun tó ń sọ. Ó ti ṣe é rí.”

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, kò sì dúró mọ́. Ó da ẹ̀pà sórí tábìlì, ó fi to abúlé náà kalẹ̀, ilé báyìí, kànga báyìí, ọ̀nà tó gba ìsàlẹ̀ kọjá báyìí. Ó ń fi hàn wọ́n ibi tí àmì náà bọ́ sí nígbà tí ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ. Nọ́ọ̀sì ta kò ó, ó dá a lóhùn. Wáyà jẹ kànga, Tíṣà ní kó dá a padà. Nígbà tí wọ́n ní kí wọ́n máa relé, ó ní òun ò tíì parí. Gúnrégé ń wò ó láti ẹ̀yìn tábìlì, omi lé ròrò sójú rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn, ó dùn débi pé ó bu ẹ̀pà jẹ láìnuwọ́.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó dìde láti ká aṣọ rẹ̀. Òun nìkan ló ń ká a. Ó tú pẹ́ẹ̀gì, ó fà á sábẹ́ iná, ó sì rí i. Lókè, lápá ọ̀tún: àmì kan tó tó àtẹ́lẹwọ́, àwọ̀ rẹ̀ dà bíi ti tíì tó pọ́n. Etí rẹ̀ mú ṣáṣá lápá kan, ó rọ̀ lápá kejì. Imú áyọ́ọ̀nù.

“Ìwọ,” ló pe àbúrò rẹ̀.

Àbúrò rẹ̀ ti ń sunkún kó tó yíjú. Ó ní ẹnì kan ló pe òun lórí fóònù lọ́sàn-án, òun gbàgbé áyọ́ọ̀nù sórí aṣọ, ìṣẹ́jú díẹ̀ báyìí ni, òun wá ká ibẹ̀ sínú kí wọ́n má baà rí i. Òun yára pa iná nígbà tí Wáyà ń so ó, òun rò pé kò ní hàn mọ́. “Nígbà tí ẹ wá bẹ̀rẹ̀ sí í yìn ín, ẹ̀gbọ́n mi, kí ni kí n wí? Ẹ̀yin fúnra yín ní ẹni tó ṣe é mọ iṣẹ́.”

Gúnrégé bá a wí, ó tún bá a wí, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rín ń gbé e láàárín ìbínú. Lẹ́yìn náà ló rántí ojú Tíṣà, ẹ̀rín náà lọ. Ó ní ọ̀rọ̀ yìí ò gbọdọ̀ jáde nínú yàrá yìí. Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, ó rẹ aṣọ náà sínú oògùn tó ń pa àbàwọ́n, ó fi ìka ra á, ó sá a sóòrùn, ó tún un rẹ. Kó tó di ọjọ́ Àìkú, aṣọ ti padà funfun báláú. Ó gbé e sókè síta oòrùn, ó kí ara rẹ̀ kú iṣẹ́. Lójú tirẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí.

Ọ̀rọ̀ ò parí. Lọ́jọ́ Ajé ni Tíṣà wọlé tòun ti àpò ńlá kan. Ó ti fárùngbọ̀n. Gbogbo ẹ̀wù tó ní ló wà nínú àpò.

“Bá mi lọ gbogbo rẹ̀,” ló wí. “Mo ń retí àlejò.”

Ó ní òun pe ọmọ òun lórí fóònù, òun sọ ọ̀rọ̀ àmì náà fún un. Ó ní láti ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ ti lọ, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí àwọn méjèèjì máa lè sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìdákẹ́ lójijì. Ó wá rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ti ba ọmọ yẹn. Ó ní kò sí fíìmù tí àmì kan ń dúró sójú kan látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó ń fọgbọ́n bi mí bóyá mo ń rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ níbòmíràn, lára ògiri ilé, lójú títì. Ó rò pé orí mi ti ń dàrú.”

Gúnrégé ní, “Kí lẹ wá sọ fún un?”

“Mo ní kó wá fojú ara rẹ̀ wò ó ní Ọjọ́bọ̀. Wáyà ti ní òun á tún gbé e wá. Mo ní bí kò bá rí àmì yẹn bí mo ṣe wí, kó gbé mi sínú ọkọ̀ rẹ̀, mi ò ní jiyàn. Bó bá rí i, kó fi mí sílẹ̀ níbí pẹ̀lú àwọn èèyàn mi.”

Gúnrégé yanu. Ẹ gbà mí gbọ́, ọ̀rọ̀ náà ti dé orí ahọ́n rẹ̀: Tíṣà, áyọ́ọ̀nù ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọkùnrin tó fárùngbọ̀n wá, tó kó ẹ̀wù tí ò kó láti ìgbà yìí wá, tó ń fi ìka lu kàǹtà bí ẹni tó ń kánjú lọ síbì kan. Kí ni kó sọ fún un? Pé níbi tó ti rí ìyàwó rẹ̀, ẹnì kan ló ń gba fóònù? Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Ó ní kó padà wá kó ẹ̀wù ní Ọjọ́rú.

Tíṣà kó ẹ̀wù rẹ̀ lọ ní Ọjọ́rú. Nígbà tí wọ́n ti ilẹ̀kùn tán, Gúnrégé tẹ́ aṣọ funfun náà sórí tábìlì, ó fi ọwọ́ wọn igun òkè lápá ọ̀tún, ó sì ki áyọ́ọ̀nù bọná. Àbúrò rẹ̀ dúró tì í. Ó ní kí àbúrò jó o, ó ṣáà mọ̀ ọ́n jó. Àbúrò ní láéláé, kí wọ́n má tún rí òun bá wí. Gúnrégé bá gbé áyọ́ọ̀nù lé aṣọ fúnra rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ gbé e kúrò. Ó tún gbé e lé e, ọwọ́ rẹ̀ tún gbé e kúrò. Ẹ̀yin tí ẹ bá ti ń ṣiṣẹ́ ọwọ́ pẹ́, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ: ọwọ́ ní ọgbọ́n tirẹ̀, kì í kúkú gba àṣẹ.

“Dì í mú,” ló sọ fún àbúrò rẹ̀.

“Kí ni kí n dì mú?”

“Ọwọ́ mi. Bí mo bá fẹ́ gbé e, má jẹ́ kí n gbé e.”

Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn, tẹ̀gbọ́n tàbúrò, ọ̀kan di ojú, èkejì tẹ ọwọ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Nígbà tí òórùn aṣọ jíjó dé imú Gúnrégé, ó pariwo bí ẹni pé ara rẹ̀ ni. Wọ́n gbé áyọ́ọ̀nù. Àmì náà wà níbẹ̀, àmọ́ ó dúdú ju ti ìṣáájú lọ, ó ti wọ inú òwú. Gúnrégé fìka kàn án, ó mọ̀ pé kò sí oògùn tó máa yọ ọ́ mọ́ láyé yìí. Ó jókòó, ó sunkún díẹ̀, kò sì tijú rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ bu tíì fún un.

Ọjọ́bọ̀ pé. Ọmọ Tíṣà dé pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́, obìnrin jẹ́jẹ́ kan tó ní imú màmá rẹ̀. Ó kí gbogbo wọn dáadáa, ó dúpẹ́ pé wọ́n ń bá òun mójú tó bàbá òun, ó wá wò yí ká, ó sì jókòó sórí àga onítìmùtìmù. Kò mọ nǹkan kan. Gbogbo wọn wo Tíṣà. Tíṣà ní, “Jókòó síbẹ̀, ibẹ̀ dáa.” Ẹ̀wù ọrùn rẹ̀ gún régé, kò ní ìlà kan tí kò yẹ kó ní. Gúnrégé ti ní iná kékeré nìkan ni kí wọ́n tàn, kí ẹnikẹ́ni má baà rí àmì náà ṣáájú àkókò. Wáyà fọwọ́, ó gun àpótí, ó so aṣọ kọ́. Ojú Gúnrégé wà lára ọmọ náà, kò sí lára Wáyà. Wọ́n pa iná.

Àwòrán ò tíì dúró tán tí Tíṣà ti nàka sókè lápá ọ̀tún. “Òun nìyẹn,” ló wí.

Kò sí nǹkan níbẹ̀. Àmì náà wà lápá òsì. Wáyà ti yí ẹ̀yìn aṣọ síwájú.

Ọmọ rẹ̀ ní, “Dádì, òsì ló wà.”

“Ọ̀tún ni. Mo sọ fún ọ lórí fóònù, ọ̀tún ni.” Ó yíjú sí àwọn yòókù. “Ṣé ẹ ò rántí ni?”

Nọ́ọ̀sì ní ọ̀tún ni, òun lè búra. Wáyà ní bóyá fíìmù náà ló ti yí padà, ọ̀rọ̀ tí kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Nínú ìmọ́lẹ̀ ẹ̀rọ, Gúnrégé rí bí ọmọ náà ṣe ń wo bàbá rẹ̀. Kò bínú, kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Àánú ló wà lójú rẹ̀, ìyẹn ló sì burú jù. Ó gbé ọwọ́ lé e léjìká, ó ní, “Kò burú, Dádì. Kò sí wàhálà.” Ọwọ́ Tíṣà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó ní bóyá òun ò rí i dáadáa lọ́jọ́ náà. Ohùn tó fi sọ ọ́, ohùn “Ẹ fò mí” ni.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ á bá a. Ti Gúnrégé ò lọ jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Ó dìde.

“Wáyà, dá a dúró. Ẹ tan iná.”

Ó lọ síwájú, ó tú pẹ́ẹ̀gì, ó yí aṣọ náà padà, ó gbé e sókè. Àmì náà bọ́ sápá ọ̀tún. Ọmọ Tíṣà ló kọjú sí. “Bàbá yín ò ṣìnà. Ọ̀tún ló wà, ibi tó sọ gan-an ló wà. Òdìkejì ni wọ́n so aṣọ. Kò sí nínú fíìmù. Ara aṣọ mi ló wà. Áyọ́ọ̀nù ló jó o.”

Tíṣà dìde, ó rìn lọ síbi aṣọ, ó fi ìka kan àmì náà, ó fi ra etí rẹ̀ níbi tó ti mú ṣáṣá.

“Ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ńkọ́?” ló bi í.

“Ó ṣèèṣì ni. Àbúrò mi. Mo ti fọ ìyẹn kúrò kí n tó mọ̀ pé ẹ fẹ́ tún un wò.”

“Èyí ńkọ́?”

Gúnrégé wolẹ̀. “Èmi ni. Mo mọ̀ọ́mọ̀ jó o. Mo gbọ́ ohun tí ẹ sọ nípa ọkọ̀, mi ò sì fẹ́ kí ẹ lọ. Ẹ má bínú, Tíṣà. Ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ lọ́jọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó sọ irú rẹ̀ rí nínú yàrá yìí. Ó ń dùn mí pé ara àpá áyọ́ọ̀nù lẹ ti rí i.”

“Ìwọ,” Tíṣà wí. Ó wo aṣọ, ó wo ojú rẹ̀. “Ìwọ jó aṣọ.”

Ẹ̀rín náà kọ́kọ́ jọ ikọ́. Nígbà tó jáde tán, Tíṣà ò lè dúró mọ́, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀wù lílọ̀ rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún, ẹ ò lè mọ èwo ni èwo. Nọ́ọ̀sì di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń ka bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù, iṣẹ́ ti mọ́ ọn lára. Wáyà ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Gúnrégé ní kó pa ẹnu mọ́.

“Gbọ́,” Tíṣà sọ fún ọmọ rẹ̀. “Obìnrin yìí kì í jó aṣọ. Bi ẹnikẹ́ni ní àdúgbò yìí. Ó kọ ọ́ sókè ilẹ̀kùn. Ó jó aṣọ tirẹ̀ kí o má baà rò pé orí mi ti dàrú.” Ó fa etí aṣọ funfun náà, ó fi nu ojú, pẹ̀lú ọwọ́ tó fi ń jẹ ẹ̀pà, Gúnrégé ò sì wí nǹkan kan. “Irú àwọn tí o ní kí n fi sílẹ̀ nìyí.”

Ọmọ náà ti ń sunkún.

“Ọ̀rọ̀ tí mo sọ nípa àmì yẹn,” Tíṣà tún wí, “mi ò yí i padà o. Ibi yòówù kó ti wá, ohun tí mo rí ni mo rí. Wáyà, so ó bó ṣe yẹ.”

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ fíìmù náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn ará abúlé ń ṣílẹ̀kùn, wọ́n ń tì í, àmì ń bẹ lókè lápá ọ̀tún, Tíṣà ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ sétí ọmọ rẹ̀. Nígbà tó yá, kò sọ̀rọ̀ mọ́. Nígbà tí fíìmù parí tí wọ́n tan iná, wọ́n rí ìdí rẹ̀. Obìnrin náà ti sùn lọ fọnfọn lórí àga onítìmùtìmù. Iná gún un lójú, ó ṣẹ́jú pẹ́ẹ́pẹ́ẹ́, ó ní, “Ta ló kú?”

Kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìyá òun ni òun ń sọ. Bí òun náà ṣe máa ń jí nìyẹn. Nọ́ọ̀sì gbé ife tó fẹ́ mu dúró. Gúnrégé ò lè wo Tíṣà.

“Kò sẹ́ni tó kú, ọmọ mi,” Tíṣà wí. “Aṣọ kan ló jó.”

Wọ́n ní kí àlejò sọ ohun rere kan, nítorí òfin ni òfin. Ó ronú díẹ̀, ó ní àga òun rọ̀. Wáyà ní ó káre, ẹnì kan rèé tó mọyì àga. Ilẹ̀ mọ́, ọmọ Tíṣà wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ sílé lóun nìkan, kó tó lọ sì ni ó yà ní ṣọ́ọ̀bù, ó fi nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sílẹ̀ fún Gúnrégé, ó ní kó máa pe òun bí bàbá òun bá tún dákẹ́. Gúnrégé ò tíì ní ìdí láti pè é. Nọ́ọ̀sì ló ń wá ọ̀nà tí bàbá ọ̀hún á fi dákẹ́.

Àmì náà ò kúrò lára aṣọ. Gbogbo fíìmù tí wọ́n ń wò báyìí ló ní in, òkú tó ń rìn, ọkọ̀ òfuurufú, ẹranko inú omi, wọ́n á sì kí i kí wọ́n tó pa iná. Ṣùgbọ́n Gúnrégé kì í purọ́ fún oníbàárà. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó gbé àpótí síta, ó mú ọ̀dà àti búrọ́ọ̀ṣì, ó fi kún ohun tó wà lókè ilẹ̀kùn rẹ̀ ní lẹ́tà kéékèèké tó tò gbọọrọ: ÀFI Ọ̀KAN. Bí oníbàárà bá bi í pé èwo ni, á ní kó wá ní Ọjọ́bọ̀ wá wò ó.